Bí Ohùn Gìtá Oníbíríìjì Aléfòó Kì í Bá Dúró: Ibi Tí Ẹ Ó Ti Wá Àléébù Rẹ̀ àti Bí Ẹ Ó Ṣe Tún Un Ṣe

Láti Tákíè títí dé Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè kan náà làwọn onígìtá ń bi ara wọn lẹ́yìn ìsìn: "Mo túùnù gìtá yìí dáadáa kí n tó gun pèpéle. Mo tẹ ọ̀pá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ohùn bá dàrú. Ṣé kí n tà á ni?" Ẹ má tíì tà á. Gìtá oníná tí bíríìjì rẹ̀ (irin tó mú okùn níhà ìdí gìtá, tí ọ̀pá yẹn wà lára rẹ̀) léfòó, irú Floyd Rose àtàwọn tó fara jọ ọ́, lè dúró sójú ohùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ òru títí dé ìdájí. Àmọ́ ó ní bí wọ́n ṣe ń bá a lò. Okùn tí ẹ ń yí èèkàn rẹ̀ (ohun tí a fi ń fa okùn le lórí gìtá) ṣáá yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, òun kọ́ ló jẹ̀bi.

## Ohun tó gbé bíríìjì náà dúró

Bíríìjì aléfòó kò jókòó lórí pákó gìtá. Ẹnu ọ̀bẹ méjì ló fi gbára lé òpó kékeré méjì níwájú. Okùn mẹ́fà ń fà á lọ sápá ọrùn. Sípíríǹgì tó wà nínú kòtò ẹ̀yìn gìtá ń fà á padà. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ló máa dúró sí.

Lórí gìtá tí okùn rẹ̀ gùn tó íǹṣì 25.5 láti nọ́ọ̀tì (ibi tí okùn ti ń kọjá lókè ọrùn, nítòsí èèkàn) dé sáàdù (irin kékeré tó mú okùn kọ̀ọ̀kan lórí bíríìjì), okùn 9-42 (nọ́mbà ìnípọn okùn tó tín-ín-rín jù àti èyí tó nípọn jù) ń fa nǹkan bíi kílò 38 lápapọ̀ bí ẹ bá túùnù ẹ̀ sí E, ìyẹn túùnù tó wọ́pọ̀. Okùn 10-46 ń fa nǹkan bíi kílò 46. Ẹni tó bá yọ 9 tó fi 10 sí i láìfọwọ́ kan ẹ̀yìn gìtá, á rí i tí ìdí bíríìjì máa gbé sókè bí ìrù àkekèé.

Ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀ṣán dùndún ní Ọ̀yọ́ mọ̀ pé ọ̀ṣán kan kì í le kí ìyókù má mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn mẹ́fà yìí. Bí ẹ bá fa E nípọn, ìyẹn okùn tó nípọn jù, sókè, márùn-ún tó kù á wálẹ̀ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí títúùnù okùn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í fi í tó.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan síkúrù kankan

Àyẹ̀wò yìí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, òun ló sì máa sọ ibi tí ẹ ó wò fún yín. Ẹ túùnù gbogbo okùn dáadáa, kẹ́ ẹ gbé túùnà (ẹ̀rọ tó ń fi ohùn okùn hàn) sítòsí.

1. Ẹ tẹ ọ̀pá sílẹ̀ títí okùn á fi dẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó padà wẹ́rẹ́. Ẹ má jù ú sílẹ̀ lójijì. Ẹ wo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí túùnà, kẹ́ ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀.
2. Ẹ fa ọ̀pá sókè díẹ̀, ẹ jẹ́ kó padà. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.
3. Ẹ tẹ okùn G ní fírẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ orí ọrùn) kejìlá, kẹ́ ẹ fi ìka tì í sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ìgbà tí ẹ ń dá sólò. Ẹ wò ó lórí túùnà.

Ohun tí èsì náà ń sọ rèé:

- Okùn kan tàbí méjì péré ló yà. Ojú ọ̀nà okùn yẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò: nọ́ọ̀tì, sáàdù, tàbí okùn fúnra rẹ̀.
- Ó ṣáápù (ohùn rẹ̀ ga jù) lẹ́yìn títẹ̀, ó fíláàtì (ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù) lẹ́yìn fífà tàbí lẹ́yìn títì. Ó ń há sí nọ́ọ̀tì. Okùn rọra yọ́ kọjá, kò sì rí ọ̀nà padà.
- Ó kàn ń fíláàtì lọ ṣáá, kò ṣáápù rí. Ó ń yọ́ nínú sáàdù, tàbí kí ó jẹ́ pé okùn tuntun ni, tí ẹ kò nà án tó.
- Gbogbo okùn yà pọ̀, ibi tí wọ́n padà sí lẹ́yìn títẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti lẹ́yìn fífà. Ẹnu ọ̀bẹ tàbí òpó ni. Ẹ fi èèkàn sílẹ̀ o, kò sí ohun tó fẹ́ ṣe fún yín.
- Gbogbo okùn ń yà díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kan ọ̀pá. Ojú ọjọ́ ni, tàbí kí síkúrù tó di sípíríǹgì mú máa tú kúrò nínú pákó.

## Irinṣẹ́

- Kọ́kọ́rọ́ Allen 3 mm. Òun ni ọ̀pọ̀ Floyd Rose ń lò fún nọ́ọ̀tì àti fún bóòtù tó ń di okùn mú nínú sáàdù. Bí igun rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ jù ú nù, torí á bá orí bóòtù jẹ́.
- Síkúrùdíráfà onísítáà tó tóbi, fún ẹ̀yìn gìtá.
- Pílàyà tó lè gé wáyà.
- Túùnà, yálà ti orí gìtá tàbí ti orí fóònù. Nínú ariwo ìlù, ti orí gìtá ló dáa jù.
- Aṣọ tó mọ́ tí ẹ ká po, àti àjákù pákó pẹlẹbẹ kan. Ẹ bẹ káfíńtà.
- Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀. Gbogbo télọ̀ ló ní in. Ẹ má fi òróró ìdáná ṣe é, ó máa ń dì mọ́ irin bí gọ́ọ̀mù ni.

## Fífi okùn tuntun sí i

Ibí ni wàhálà ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá yọ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà láìgbé nǹkan sábẹ́ bíríìjì, sípíríǹgì á fa ìdí rẹ̀ wọlẹ̀, òpó á sì lè ṣí kúrò lẹ́nu ọ̀bẹ.

1. Nígbà tí okùn àtijọ́ ṣì wà lójú túùnù, ẹ ki aṣọ tí ẹ ká sábẹ́ ìdí bíríìjì, kó kàn fara kàn án, kó má gbé e sókè.
2. Ẹ tú bóòtù mẹ́ta orí nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ kó àwọn irin kékeré mẹ́ta náà sínú abọ́. Wọ́n kéré, wọ́n sì fẹ́ràn abẹ́ àga.
3. Ẹ yí fáìn-túùnà (síkúrù kékeré orí bíríìjì tó ń tún ohùn okùn ṣe díẹ̀díẹ̀) mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí àárín ìrìn wọn. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á rí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta pé fáìn-túùnà òun ti dé òpin, kò sì lọ síwájú mọ́.
4. Ẹ dẹ okùn tán pátápátá kí ẹ tó gé e. Okùn tó le tí ẹ bá gé lójijì lè ta síni lójú.
5. Ẹ gé bọ́ọ̀lù ìdí okùn tuntun kúrò, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ mọ́ ara rẹ̀. Bí ibi lílọ́ yẹn bá wà nínú sáàdù, kò ní dì í mú dáadáa.
6. Ẹ ki ẹnu okùn bọ inú sáàdù, láàárín irin kékeré inú rẹ̀ àti ògiri iwájú, ní àárín gbùngbùn, kẹ́ ẹ dì í. Ẹ ki apá gígùn kọ́kọ́rọ́ bọ orí bóòtù, kẹ́ ẹ fi apá kúkúrú yí i. Bẹ́ẹ̀ lagbára yín kò fi ní pọ̀ jù. Bóòtù tí wọ́n dì jù ló ń fọ́ irin inú sáàdù.
7. Ẹ fa okùn kọjá lórí nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ gbà á lábẹ́ ọ̀pá irin tó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀tì, kó tó dé èèkàn. Ẹ ká a lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Kíká tó pọ̀ kò ṣe nǹkan kan fún yín.
8. Ẹ túùnù gbogbo wọn. Ẹ wá fi ọwọ́ gbé okùn kọ̀ọ̀kan kúrò lórí ọrùn ní nǹkan bíi fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, ẹ nà án díẹ̀, kẹ́ ẹ tún túùnù. Ẹ ṣe é títí kò fi ní wálẹ̀ mọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún ló sábà máa ń gbà.
9. Ẹ yọ aṣọ. Ẹ túùnù yípo, láti okùn kẹfà dé ìkíní, kẹ́ ẹ tún padà sí ìkẹfà. Yíyípo márùn-ún kì í ṣe ohun ìyanu.
10. Ẹ di nọ́ọ̀tì nígbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Fáìn-túùnà ló ku tí ẹ ó máa fi ṣàtúnṣe látìgbà náà lọ. Ẹni tó bá ń yí èèkàn lẹ́yìn tó ti di nọ́ọ̀tì, okùn ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì nìkan ló ń fà. Kò sí ohun tó ń gbọ́, àfi ìgbà tí okùn bá já sí i lójú.

Bí ẹ kò bá fẹ́ gbogbo wàhálà yìí, ẹ máa pààrọ̀ okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ túùnù èyí tí ẹ fi sí i kí ẹ tó yọ òmíràn. Ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ bíríìjì kò ní kúrò lójú kan. Okùn oníwọ̀n kan náà nìkan ni ọ̀nà yìí wà fún.

## Mímú bíríìjì dọ́gba

Ẹ gbé ojú yín sí ẹ̀gbẹ́ gìtá kí ẹ wo bíríìjì. Ó yẹ kí pẹpẹ rẹ̀ tẹ́ gbọọrọ pẹ̀lú ojú gìtá.

- Ìdí rẹ̀ gbé sókè: okùn ló lágbára jù. Ẹ di síkúrù méjì tó mú èékánná, ìyẹn irin tí sípíríǹgì kọ́ sí nínú kòtò ẹ̀yìn.
- Ìdí rẹ̀ rì wọlẹ̀: sípíríǹgì ló lágbára jù. Ẹ tú síkúrù méjèèjì náà.

Ìlàjì yíyí ni kí ẹ máa yí síkúrù kọ̀ọ̀kan, kí méjèèjì bára lọ. Ẹ túùnù okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ẹ tó wò ó padà. Bí ẹ bá wo bíríìjì kí okùn tó dé ojú túùnù, irọ́ ló ń pa fún yín.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tó ń dín yíyípo kù. Ẹ wá pákó pẹlẹbẹ tó há sáàárín irin ńlá abẹ́ bíríìjì àti ògiri kòtò tó wà lápá ìdí gìtá, kí bíríìjì tẹ́ gbọọrọ bó ṣe yẹ. Ẹ dẹ èékánná díẹ̀, kí okùn máa ti irin náà mọ́ pákó. Ẹ túùnù gbogbo okùn. Kò sí okùn tó máa da èkejì rẹ̀ láàmú báyìí, torí pákó ti mú bíríìjì dúró. Lẹ́yìn náà ẹ di èékánná díẹ̀díẹ̀ títí pákó á fi tú, tó sì bọ́ fúnra rẹ̀. Ibi tó bọ́ yẹn ni ibi ìdọ́gba.

Sípíríǹgì mélòó? Mẹ́ta sábà máa ń tó fún 9-42. Fún 10-46, bí ẹ bá ti di èékánná débi tó ti fẹ́ kan ògiri tí ìdí bíríìjì ṣì gbé sókè, ẹ fi ìkẹrin sí i. Ẹ rí i pé orí sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan wọnú ihò rẹ̀ dáadáa, kó má kàn fi etí kọ́.

## Nọ́ọ̀tì

Ọ̀pá irin ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ okùn mọ́ ojú nọ́ọ̀tì. Bí okùn bá ṣáápù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá di nọ́ọ̀tì, ọ̀pá náà ga jù. Ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ di síkúrù ọ̀pá náà wálẹ̀ títí okùn á fi sùn sórí nọ́ọ̀tì láìsí àlàfo, kẹ́ ẹ wá tún túùnù.

Ẹ tún yẹ bóòtù tó mú nọ́ọ̀tì mọ́ ọrùn wò. Lórí àwọn gìtá kan, ẹ̀yìn ọrùn ni wọ́n wà. Lórí òmíràn, abẹ́ irin mẹ́ta yẹn ni. Bí nọ́ọ̀tì bá ń mì, gbogbo ìtọ́jú yòókù já sí asán.

Irin mẹ́ta náà máa ń ní ojú ọ̀nà okùn lára bí wọ́n bá ti pẹ́. Bí ojú ọ̀nà yẹn bá ti jìn, ẹ yí irin náà padà kí ẹ̀gbẹ́ kejì mú okùn, tàbí kí ẹ ra tuntun.

Gìtá tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kì í tì ńkọ́, irú tírẹ́mólò (bíríìjì tó ní ọ̀pá) Stratocaster? Ẹ fi ẹnu pẹ́ńsùlù ya inú ojú ihò nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dáadáa nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ okùn, kẹ́ ẹ ya abẹ́ irin kékeré tó ń tẹ okùn mọ́lẹ̀ lórí gìtá náà. Dúdú inú pẹ́ńsùlù ń mú kí okùn yọ̀. Bí okùn bá ń dún "tín" nígbà tí ẹ ń yí èèkàn, ojú ihò náà há jù fún un, ẹni tó mọṣẹ́ ló sì yẹ kó fẹ̀ ẹ́.

## Ẹnu ọ̀bẹ àti òpó

Bí àyẹ̀wò bá ti sọ pé ibí ni, ẹ dẹ okùn tán, ẹ yọ sípíríǹgì, kẹ́ ẹ gbé bíríìjì kúrò. Ẹ fi ìka kan ẹnu ọ̀bẹ méjèèjì: ó yẹ kó mú, kó tẹ́, kó má ní èérún. Ẹ wo ọ̀nà ṣóńṣó ara òpó náà, bóyá ó ti ní kòtò.

- Bó jẹ́ ìdọ̀tí àti ìpẹtà lásán, ẹ fi aṣọ nù ún, kẹ́ ẹ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ẹyọ kan sí òpó kọ̀ọ̀kan.
- Bó jẹ́ òpó ló jẹ, ẹ pààrọ̀ òpó. Òun kì í wọ́n tó bíríìjì.
- Bí ẹnu ọ̀bẹ bá ti kúnú, ẹ má fi fáìlì pọ́n ọn nílé. Bí ẹ bá pọ́n ọn tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò dọ́gba, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi irin rírọ̀ ṣe kì í pẹ́ kúnú, pípààrọ̀ ló sì dáa jù fún un.
- Bí òpó bá ń mì nínú pákó, káfíńtà tó mọṣẹ́ lè fi igi líle dí ihò náà pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, kó tún un lu. Ṣùgbọ́n kó wọn ihò àtijọ́ dáadáa ná, torí bí òpó bá fi mìlímítà kan péré yẹ̀, íntónéṣọ̀n (bí ohùn ṣe péye ní fírẹ́ẹ̀tì gbogbo) á yẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe yí òpó láti gbé bíríìjì sókè tàbí sílẹ̀ nígbà tí okùn ṣì le. Bí òpó ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ló ń ha ẹnu ọ̀bẹ. Ẹ dẹ okùn ná. Nínú gbogbo àṣìṣe tí wọ́n ń ṣe sí bíríìjì yìí, èyí ló ń náni lówó jù.

Nígbà tí bíríìjì wà lọ́wọ́ yín, ẹ yẹ síkúrù tó so irin ńlá abẹ́ rẹ̀ mọ́ pẹpẹ wò. Bí síkúrù èékánná bá ti ń yí láìdì mọ́ pákó, ẹ fi gọ́ọ̀mù káfíńtà sí igi ìtayín méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kì wọ́n bọ ihò, ẹ gé èyí tó yọ síta, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú kí ẹ tó dá síkúrù padà.

## Ohun tí kì í ṣe àrùn

Ẹ má na owó sórí ìwọ̀nyí:

- Ẹ ti okùn kan sókè, àwọn yòókù fíláàtì. Bí bíríìjì aléfòó ṣe rí nìyẹn.
- Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdí bíríìjì láti pa ohùn okùn, gbogbo rẹ̀ ṣáápù. Ọwọ́ yín ló wúwo. Ẹ sún un síwájú, kó fara kan okùn nítòsí sáàdù.
- Agbórin bẹ̀rẹ̀ orin lórí kókó tó wù ú, wọ́n wá ní kí ẹ wálẹ̀ ní ààbọ̀ ohùn. Gìtá yìí kò gba ìyẹn láàárín orin méjì, torí gbogbo ìdọ́gba ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa yí. Ẹ yí kọ́ọ̀dù padà, tàbí kí ẹ lo kápò (ohun tí a fi ń tẹ gbogbo okùn mọ́ ọrùn) bó bá jẹ́ pé sókè ni wọ́n ń lọ.

## Ọyẹ́ àti òjò

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, pákó á gbẹ, ọrùn gìtá á na ṣánṣán, okùn á sún mọ́ fírẹ́ẹ̀tì. Nígbà òjò, ọ̀rinrin á jẹ́ kó tẹ̀ síwájú. Bí ọrùn ṣe ń yí, fífà okùn náà ń yí, bíríìjì á sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tún ọrùn ṣe pẹ̀lú truss rod (ọ̀pá irin inú ọrùn tó ń tún títẹ̀ rẹ̀ ṣe) kí ẹ tó fọwọ́ kan èékánná. Ìdámẹ́rin yíyí péré ni kí ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀kan. Bó bá le jù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ti inú ilé ìjọsìn tún yàtọ̀: ẹ túùnù nígbà tí éésì ń ṣiṣẹ́, iná lọ, ooru dé, okùn gbóná, ó fíláàtì. Ẹ fi fáìn-túùnà tún un ṣe, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ má tú nọ́ọ̀tì torí ìyẹn.

## Bí okùn bá já lórí pèpéle, tàbí bí ẹ kò bá fẹ́ kó léfòó mọ́

Bí okùn kan bá já, sípíríǹgì á borí, márùn-ún tó kù á ṣáápù. Kò sí fáìn-túùnà tó lè gbé ìyẹn. Gìtá kejì ni oògùn rẹ̀, tàbí kí ẹ ti dènà rẹ̀ látilé.

Ẹ gé pákó líle tó bá àlàfo irin ńlá abẹ́ bíríìjì àti ògiri kòtò lápá ọrùn mu, ẹ ki pákó náà síbẹ̀ nígbà tí bíríìjì tẹ́ gbọọrọ, kẹ́ ẹ wá di èékánná ní yíyí kan tàbí méjì kí irin náà gbára lé pákó. Ẹ ṣì lè tẹ ọ̀pá sílẹ̀, àmọ́ kò ní lè lọ sókè mọ́. Okùn já, ìyókù dúró. Ọwọ́ tí ẹ gbé lé bíríìjì kò ní ṣáápù okùn mọ́, ẹ sì lè sọ E nípọn di D láìda ìyókù láàmú. Bí ẹ kò bá lo ọ̀pá náà rárá, ẹ fi pákó kejì sí apá ìdí gìtá, bíríìjì á dúró gbọin.

Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó yìí mọ́ gìtá. Ọjọ́ tó bá wù yín kó tún léfòó, ẹ kàn máa yọ ọ́ ni, kẹ́ ẹ tú èékánná padà bó ṣe wà, kẹ́ ẹ sì túùnù yípo.